Ṣáàkì kékeré àti ìjàpá òkun bọ́ sínú àwọ̀n kan náà: èwo ni ká dá padà?

BabaIbeji_Alagbaka:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ kan, láti Sátidé ló ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni mí, ẹja tí mo mọ̀ ò ju títúsì, kótè àti ẹja àrọ̀ tí mo ń sìn sínú táńkì lẹ́yìnkùlé lọ, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ nìyàwó mi, la bá lọ kí àwọn àna mi lápá Aràròmí létí òkun. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ báyìí làbúrò ìyàwó mi gúnlẹ̀, gbogbo wa sá lọ bá a fa àwọ̀n. Ṣawá wà níbẹ̀, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ kan tí mi ò dá mọ̀ náà wà níbẹ̀, ṣáàkì kékeré mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò gùn ju apá mi lọ, àti ìjàpá òkun kan tó fẹ̀ tó báàfù tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ, omi ń dà lójú ẹ̀ pòròpòrò bí ẹni tó ń sunkún.

Mo ní ká dá ìjàpá yẹn padà, mo ní òfin ò gbà á. Ọmọkùnrin yìí wò mí títí, ó ní, "Bọ̀dá, ìjàpá tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, ọgọ́rùn-ún ẹyin ló ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ṣáàkì yẹn, bá a bá la inú ẹ̀, ọmọ mẹ́ta mẹ́rin la máa ń bá níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ wá ń ṣàánú ọlọ́mọ yọyọ, ẹ ń fi ọlọ́mọ mẹ́ta se ọbẹ̀. Ṣé ẹ kà á níwèé ni àbí ẹ kàn gbọ́ ọ nínú rédíò?"

Ẹ gbọ́, mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo tọwọ́ bàpò, mo fún un ní nǹkan díẹ̀, a dá ìjàpá padà, a sì jẹ ṣáàkì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣóòótọ́ ló sọ? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi dá sí i, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Kembe_Isinkan:
Ẹ̀gbọ́n, ṣáàkì kẹ̀? Mo ti rò pé ṣàkì tí wọ́n ń gé fún wa lọ́jà lẹ̀ ń sọ, mo ní báwo ni ṣàkì màlúù ṣe dénú òkun, hahaha

OmoUgbo_Gidi:
Ẹ má dá a lóhùn jàre. Ekurá làwọn àgbà ń pè é, inú ìwé míì wọ́n á ní àkurákudà, ṣùgbọ́n létí omi lónìí ṣáàkì lo máa gbọ́ lẹ́nu kálukú. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ya fótò? Oríṣiríṣi ṣáàkì ló wà, oríṣiríṣi ìjàpá òkun náà ló wà, a ò lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹran láìmọ̀ bóyá ewúrẹ́ ni àbí màlúù.

BabaIbeji_Alagbaka:
Mo yà á. Mo ti fi mẹ́rin sí i, ẹ dákun ẹ fojú fo ẹsẹ̀ mi tó wà níbẹ̀.

OmoUgbo_Gidi:
Mo ti wò ó. Ṣáàkì yẹn, imú ẹ̀ gùn ó sì rí ṣóńṣó, ẹ wo igun ẹnu ẹ̀, ilà kan wà níbẹ̀ tó gùn dáadáa, ẹ̀yìn ẹ̀ rí bí eérú, inú ẹ̀ funfun, lẹbẹ kejì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lápá ìrù kéré bí ìka ọmọdé. Milk shark ni òyìnbó ń pe ìyẹn. Kì í tóbi, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ju mítà kan lọ tàbí kó fi díẹ̀ jù ú, kò sì lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan àfi tẹ́ ẹ bá lọ ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Etí òkun níbi tí yanrìn wà ló fẹ́ràn, ó máa ń wọ ẹnu odò nígbà míì, ìdí nìyẹn tó fi ń bọ́ sọ́wọ́ àwa tí ọkọ̀ wa ò lọ jìnnà.

Ti ìjàpá yẹn, ohun téèyàn ń ṣe ni pé kó ka àwọn èèpo ńlá tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ yọ ti ojú òpó àárín kúrò. Tó bá jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin, ó lè jẹ́ green turtle. Tiyín, mo ka mẹ́fà lápá kan, mo ka méje lápá kejì. Olive ridley nìyẹn, òun nìkan ni tiẹ̀ máa ń pọ̀ báyẹn, wọn kì í sì í fìgbà gbogbo dọ́gba. Ó wà lára àwọn tó kéré jù nínú gbogbo ìjàpá òkun, ẹ̀yìn ẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà àádọ́rin lọ, kì í sì í wọn tó àádọ́ta kílò.

Tisa_Oluwatosin:
Ìbéèrè kékeré: Bíbélì ní ohun tó bá ní lẹbẹ àti ìpẹ́ ni ká jẹ. Ṣé ṣáàkì nípẹ̀ẹ́?

OmoUgbo_Gidi:
Ẹ fọwọ́ pa á láti ìrù lọ sí orí, ẹ ó rí i pé ó ha bíi sáńpépà. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n, wọ́n dà bí eyín ju ìpẹ́ lọ. Bóyá Mósè gbà á àbí kò gbà á, ẹ bi pásítọ̀ yín.

FisharisDiSimenti:
Ẹ jẹ́ n bá yín dá sí i, fíṣárì ni mo kà ní FUTA kí n tó máa ta símẹ́ńtì, kó má di pé mo kà á lásán.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àna yín jóòótọ́, àbọ̀ tó kù ni kò tíì rí. Ṣáàkì yìí kì í yé ẹyin rárá, ọmọ ló ń bí. Ó máa ń lóyún bí ọdún kan gbáko, ọmọ kan sí mẹ́jọ ló lè bí, ṣùgbọ́n méjì sí márùn-ún lèyí tó wọ́pọ̀. Ẹ tún wá gbọ́, ọmọ inú ẹ̀ níbi, ó níwọ̀ọ́, bíi tọmọ èèyàn gẹ́lẹ́, ara ìyá ni oúnjẹ ti ń lọ sára ọmọ. Ẹja o! Ìgbà tí tíṣà wa kọ́kọ́ sọ ọ́ ní kíláàsì mo rò pé ó ń tàn wá ni. Ọmọ yẹn á jáde, ó ti gùn tó rúlà tí àwọn ọmọ ń gbé lọ síléèwé, eyín ẹ̀ ti pé, ọjọ́ yẹn gan-an lá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọdẹ. Ìyá ò tún mọ̀ ọ́n mọ́, kò sì nílò ìyá. Tó bá fi máa pé ọdún méjì sí mẹ́ta òun náà ti tó bí.

Ìjàpá ńkọ́? Á rápálá jáde lóru, á gbẹ́ ihò sínú yanrìn, á yé bí ọgọ́rùn-ún ẹyin tàbí jù bẹ́ẹ̀, á fi yanrìn bò ó, á fi ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á padà sínú òkun. Ó parí, kò ní bojú wẹ̀yìn mọ́. Bí oṣù kan ààbọ̀ sí oṣù méjì ni ẹyin fi ń wà nínú ilẹ̀, láàárín ìgbà yẹn ajá á hú u, akàn á wọ inú ẹ̀, èèyàn á wá kó o, omi á dà bò ó. Èyí tó bá pa ò ju kó wọ àtẹ́lẹwọ́ yín lọ, á máa sáré lọ sómi, ẹyẹ á máa ṣà á jẹ. Tó bá dé inú omi, ẹja á máa gbé e mì, títí kan ṣáàkì. Èyí tó bá wá yè nínú gbogbo wàhálà yẹn máa lo bí ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́.

Ìṣirò táwọn onímọ̀ máa ń sọ ni pé nínú ẹgbẹ̀rún tó pa, bí ẹyọ kan ló ń dàgbà. Ẹ wá wo èyí tó wà nínú àwọ̀n yẹn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, òun lẹyọ kan tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹgbẹ̀rún ti lọ sí i. Tí ẹ bá pa á, ọgọ́rùn-ún ẹyin tí àna yín ń kà yẹn ò lè dí i lọ́la, àfi lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí oríire bá wà.

Kembe_Isinkan:
Haa. Ó wá yé mi báyìí. Bí ẹni tó gbin àgbàdo hẹ́kítà kan tí òkété jẹ gbogbo ẹ̀ ku ìdì kan, kó wá di pé ìdì yẹn lo máa sun jẹ.

FisharisDiSimenti:
Ìwọ gan-an lo kàn án lórí.

Àmọ́ ẹ má wá sọ pé ṣáàkì ò jámọ́ nǹkan kan o, ibẹ̀ ni àna yín ti gbọ́n jù wá lọ. Ẹja tó ń bí mẹ́ta mẹ́rin lọ́dún, tí gbogbo abúlé bá ń dẹ àwọ̀n sí i lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tán, torí kò lè bí kún un tó bí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ṣe ń ṣe. Nínú ìwé IUCN, àwọn tó ń ṣírò ẹ̀dá tó wà nínú ewu kárí ayé, ipò kan náà ni wọ́n kó àwọn méjèèjì sí, Vulnerable ni wọ́n kọ sí ìdí méjèèjì, ìyẹn ni pé ewu wà pé wọ́n lè tán pátá. Ariwo tí wọ́n ń pa lórí ẹ̀ ni ò dọ́gba. Ìjàpá òkun, gbogbo ẹ̀yà ẹ̀ pátá, àdéhùn CITES ò gbà kí wọ́n máa tà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì, Nàìjíríà sì ti wà nínú àdéhùn yẹn láti 1974. Ti ṣáàkì, ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbogbo mọ̀lẹ́bí tí milk shark wà nínú ẹ̀ kún un, níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Panama, òun ṣì ṣeé tà sókè òkun tí ìwé ẹ̀ bá pé. Ọ̀rọ̀ títà kọjá ààlà ni CITES ń sọ o, kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ yín.

IyaEleja_OjaOba:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ń ta ẹja láti ìgbà tí ọkọ̀ Igbókọ̀dá ti ń já ẹrù fún wa, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí. Ẹ ò sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Baba Ìbejì, ṣé ọbẹ̀ yẹn ò rùn?

BabaIbeji_Alagbaka:
Mọ̀mí, ẹ kú ọjà o. Ká má parọ́, ó rùn díẹ̀, bíi ilé ìtọ̀. Mo rò pé ẹja yẹn ti bàjẹ́ ni, mo kàn ń jẹ ẹ́ nítorí àna.

IyaEleja_OjaOba:
Kò bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ lara ẹ̀ ṣe rí, ohun tó ń di ìtọ̀ lára àwa wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀. Bó bá ti kú tí wọn ò tètè dúńbú ẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dà, kí wọ́n sì kó ìfun ẹ̀ jáde, òórùn yẹn á wọnú ẹran. Nítorí náà bí wọ́n bá ṣe gbé e sílẹ̀ báyìí, ọ̀bẹ. Ẹ da omi gbígbóná sí i lára, kí ẹ fi kànìnkànìn ha gbogbo yanrìn ara ẹ̀ kúrò, ẹ gé e, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ dà á nù, ẹ tún un rẹ. Lẹ́yìn náà ẹ sun ún lórí iná igi kó gbẹ dáadáa. Kò léegun tó ń há èèyàn lọ́fun, eegun inú ẹ̀ rọ̀ bíi ti etí wa yìí, ìdí nìyẹn táwọn arúgbó fi fẹ́ràn ẹ̀. Ti ìjàpá, èmi ò tà á rí, mi ò sì ní tà á. Ìyá mi náà ò tà á.

Nurse_Tutu:
Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un kí n tó wọ ṣíìfù. Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ṣáàkì yẹn ní milk shark? Ní Íńdíà ni wọ́n ti gbà pé tí abiyamọ bá jẹ ẹ́, omi ọyàn á pọ̀. Ẹ má gbé ìyẹn lọ sílé o! Ẹja tó bá ń jẹ ẹja míì ni mákúrì, irin olóró kan, máa ń kó jọ sí lára, ṣáàkì sì wà níwájú nínú wọn, aboyún àti abiyamọ àtàwọn ọmọ kéékèèké gan-an ni wọ́n ń sọ fún pé kí wọ́n yẹra fún un. Ẹ̀yin tó kù, tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú, kó ṣáà má di ojoojúmọ́. Kókó tó wà nínú mákúrì ni pé sísè ò lè pa á, ọsàn wẹ́wẹ́ màmá náà ò lè yọ ọ́.

Ìjàpá òkun ló tún wá léwu jù. Nígbà míì oró máa ń wà nínú ẹran ẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n, kò rùn, kò korò, sísè ò pa á, kò sì sí oògùn kan pàtó tó ń pa oró náà. Ó ti pa èèyàn láwọn ìlú etí òkun, àwọn ọmọdé ló sì máa ń mú jù. Tí abiyamọ bá jẹ ẹ́, ó lè gba inú ọyàn lọ sára ọmọ. Nítorí náà Baba Ìbejì, owó tẹ́ ẹ fún àna yín yẹn, owó ẹ̀mí lẹ san.

Apeja_Ayetoro:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀ tán, mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹyin, ẹ ń sọ̀rọ̀ mákúrì, ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀ àwọ̀n. Ìjàpá tó bá wọnú àwọ̀n, á jà, á fà á ya, òwò ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn lọ. Ṣáàkì kì í ṣe wá bẹ́ẹ̀, òun á kàn há síbẹ̀, á kú. Irin tí wọ́n máa ń fi sínú àwọ̀n kí ìjàpá lè rí ibi sá jáde, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ edé ni wọ́n ṣe é fún, nítorí òfin Amẹ́ríkà ọdún 1989 tó ní ẹni tí kò bá lò ó kò ní ta edé fáwọn. Ta ló ń ro ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n?

OmoUgbo_Gidi:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò parọ́ rárá. Èmi náà ti tún àwọ̀n ṣe títí ìka mi fi bó. Ohun tá a wá ń ṣe níbi tèmi ni pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń gòkè wá yé, a kì í dẹ àwọ̀n sílẹ̀ mọ́jú nítòsí etí omi níbi tá a ti ń rí ipa ẹsẹ̀ wọn. A máa ń tètè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wúlò fún èèyàn náà, torí ẹja tó pẹ́ nínú àwọ̀n akàn á ti jẹ ẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ṣáàkì, inú omi ló ti ń mí. Ìjàpá kì í mí nínú omi, ẹ̀dọ̀fóró ló ní bíi tiwa, ó gbọ́dọ̀ yọrí síta. Tó bá fara balẹ̀ sùn nísàlẹ̀ ó lè pẹ́ gan-an, àmọ́ tó bá ń jà nínú àwọ̀n èémí ẹ̀ á tètè tán, á mu omi. Ẹ ó fà á jáde, á dà bí ẹni pé ó ti kú, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé kò tíì kú. Ẹ má dà á délẹ̀ o, ẹ má dojú ẹ̀ sókè. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ lórí àyà, kí ẹ fi nǹkan gbé ìdí ẹ̀ ga sókè, bí ìbú ọwọ́ méjì, kí omi inú ẹ̀dọ̀fóró lè máa ṣàn jáde lẹ́nu. Ẹ gbé e síbòòji, ẹ fi aṣọ tútù bò ó lẹ́yìn, ẹ má bo imú ẹ̀. Ẹ má gbé e sínú báàfù omi, á tún rì síbẹ̀. Ó lè gba wákàtí mẹ́rin, ó lè mọ́jú. Ẹ máa rọra fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀ wò. Tó bá ti ń gbórí, ẹ yọ gbogbo okùn kúrò lára ẹ̀, ẹ gbé e sómi jẹ́jẹ́ níbi tí kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́.

Omi ojú yẹn, kì í ṣe ẹkún. Iyọ̀ òkun tó gbé mì ló ń tú jáde níbẹ̀.

Kembe_Isinkan:
Kò lè kó orí wọnú ni? Ṣebí ìjàpá ni, ọkọ Yánníbo.

OmoUgbo_Gidi:
Ti òkun ò lè kó orí wọnú, kò lè kó ẹsẹ̀ náà. Kò léyín, ẹnu ẹ̀ dà bíi tàwòdì, akàn, edé, ìgbín omi àti jẹ́líìfíìṣì ló ń fi í fọ́. Ṣáàkì ní tiẹ̀, eyín ẹ̀ tó bá yọ, òmíì á bọ́ síwájú, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe títí ayé ẹ̀, ṣawá tẹ́ ẹ bá nínú àwọ̀n yẹn gan-an ló ń lé kiri.

Tisa_Oluwatosin:
Ohun tí mo fẹ́ fi kún un nìyí, torí Ayétòrò tí ẹ̀gbọ́n yẹn fi sórúkọ ẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí mọ ohun tí mò ń sọ. 1947 ni wọ́n tẹ ìlú yẹn dó, omi òkun ti gbé òpópónà lọ níbẹ̀, ó gbé ilé, ó gbé ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn ló ń sunkún tiẹ̀, wọ́n sì jàre, àmọ́ ìjàpá náà nílò ilẹ̀ yẹn. Ṣáàkì ò ní í ṣe pẹ̀lú yanrìn, inú omi ló ń bímọ sí. Ìjàpá, ẹ̀bá ibi tí òun fúnra ẹ̀ ti jáde nínú ẹyin ló máa ń fẹ́ padà wá yé sí. Ìwọ wá dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, o ò bá ilé mọ́.

Ooru náà tún wà níbẹ̀. Kò sí akọ kò sí abo nínú ẹyin yẹn nígbà tí wọ́n yé e, bí yanrìn bá ṣe gbóná sí ló ń sọ ọ́. Tó bá ti ju bí ìwọ̀n ọgbọ̀n lórí Celsius lọ, abo ló máa pọ̀, tó bá tutù, akọ. Ẹ wá ro bí oòrùn ṣe ń mú lásìkò yìí.

Apeja_Ayetoro:
Tíṣà, ẹ ṣeun. Ibi tí wọ́n ti bí èmi gan-an, inú omi ló wà báyìí.

BabaIbeji_Alagbaka:
Ẹ̀yin èèyàn mi, Olódùmarè á bù kún yín. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún ìyàwó mi, mo wá ṣe fóìsì nóòtù gígùn ránṣẹ́ sí àbúrò ẹ̀, mo sọ ti ẹgbẹ̀rún, mo sọ ti ẹ̀dọ̀fóró, mo sọ ti oró, mo sì gbà fún un pé ti ṣáàkì yẹn ó jàre mi. Mo tún fi owó òwú ránṣẹ́, torí ohun tí ẹ̀gbọ́n ará Ayétòrò sọ. Ó ní òun ti gbọ́, òun á máa tètè yẹ àwọ̀n wò, àti pé ṣáàkì tó bá ṣì ń mí tí kò gùn ju rúlà lọ, òun á máa jù ú padà, òun ò tiẹ̀ rówó gidi nídìí ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá ní kí n bá òun bi yín léèrè: èyí tá a dá padà lọ́jọ́ yẹn, ṣé akọ ni àbí abo?

FisharisDiSimenti:
Ẹ wo ìrù ẹ̀ nínú fótò. Tó bá ti dàgbà tó báyẹn tó sì jẹ́ akọ, ìrù ẹ̀ á gùn, á nípọn, á yọ kọjá ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa. Ti abo kúkúrú ni, agbára káká lẹ fi máa rí i.

BabaIbeji_Alagbaka:
Mo ti fẹ fótò yẹn títí, ẹsẹ̀ mi ni mo kàn ń rí. Mi ò rí ìrù kankan níbẹ̀.